Pátì ọkọ̀ yìnyín kan lára ọkọ̀ yìnyín mìíràn: èwo ló ṣeé mú bára mu, èwo ni kí n tà?

Ọmọ Ọ̀yọ́ Duluth:

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará wa gbogbo. Ọkọ̀ yìnyín tí mo ń gùn ni Polaris RMK 600 ti ọdún 2000. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fún mi ní wàhálà kankan, ṣùgbọ́n track rẹ̀, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà gbọọrọ tí ń yí lábẹ́ rẹ̀ láti tì í lọ, ti fàya ní etí, eyín rọ́bà rẹ̀ sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan tí ó ń kó kúrò ní àdúgbò wa ta ẹrù pátì kan fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí ó wà nínú ẹrù náà ni track kan tí ó ti wà lára Ski-Doo Renegade rí, ski oníke méjì (ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tí iwájú ọkọ̀ fi ń yọ̀ lórí yìnyín) tí kì í ṣe ojúlówó ti ilé-iṣẹ́ kankan nínú àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ yìí, ṣọ́ọ̀kì Fox méjì tí ó ní iwájú Arctic Cat ni òun ti tú wọn, àti sàlẹ́ńsà kan tí kò rántí ibi tí ó ti rí i.

Ohun tí wọ́n kọ sára track mi àtijọ́ ni 15 × 136 × 2, ti èyí tí mo rà sì ni 15 × 137 × 1.25. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú, èkejì ni gígùn, ẹ̀kẹta sì ni gíga eyín rọ́bà, gbogbo rẹ̀ ní ínṣì. Ẹni tí ó tà á fún mi ní ínṣì kan ṣoṣo kò lè dí ọkọ̀ lọ́wọ́, pé kí n ṣáà ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, yóò wọ̀. Kí n tó tú ohunkóhun, mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí: èwo nínú àwọn pátì wọ̀nyí ni mo lè mú bá Polaris mi mu láìṣe ẹ́ńjìnnì tàbí ara mi ní jàǹbá, èwo sì ni kí n yáa tà?

Tọ́nà Àgbà:

Ọmọ Ọ̀yọ́, o káre láé. Ínṣì kan tí ẹni yẹn ń wí kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ wà nínú pitch, ìyẹn àlàfo láti àárín eyín inú track kan dé àárín èyí tí ó tẹ̀ lé e. Eyín inú wọ̀nyí ni driver, àgbá oníke eléyín tí ó wà níwájú lábẹ́ ọkọ̀, máa ń gbá mú kí ó tó lè fa track. Pitch tí ó wọ́pọ̀ jù lórí àwọn ọkọ̀ wa ni 2.52, 2.86 àti 3.0 ínṣì.

Wàyí o, jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ìlọ́po 54 ti 2.52 jẹ́ 136.08, òun ni wọ́n ń pè ní 136. Ìlọ́po 48 ti 2.86 jẹ́ 137.28, òun ni wọ́n ń pè ní 137. Bí track ojúlówó ni èyí tí ó wà lára ọkọ̀ rẹ, driver rẹ jẹ́ ti 2.52, track tí o rà sì jẹ́ ti 2.86. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eyín kan sí èkejì jẹ́ 0.34 ínṣì. Bí eyín àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ bọ́ sí ipò rẹ̀, nígbà tí driver bá fi máa dé eyín kẹrin, àṣìṣe náà ti lé ní ínṣì kan, eyín driver yóò sì gun orí eyín track dípò kí ó bọ́ sí àárín wọn. Ọkọ̀ lè rìn díẹ̀ pẹ̀lú ariwo bí ẹni ń lu páànù, lẹ́yìn náà ni eyín inú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹni tí ó bá sì fi gbogbo iná tẹ̀ ẹ́ lórí adágún tí ó ti dì lè rí i kí track di mọ́ tunnel, ìyẹn ihò gbọọrọ abẹ́ ìjókòó tí track ń yí nínú rẹ̀, lójijì nígbà tí eré ti pọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé track náà kò wúlò fún ọ. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kì í ṣe track nìkan ni o máa pààrọ̀. Lọ ka eyín inú àwọn track méjèèjì, kí o ka eyín driver rẹ pẹ̀lú, kí o sì fi téèpù wọn àlàfo eyín mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí o bá wọn àlàfo ẹyọ kan ṣoṣo, rọ́bà tí ó ti nà yóò tàn ọ́ jẹ. Kọ ohun tí o bá rí síbí.

Ará Winnipeg:

Ẹ̀gbọ́n Tọ́nà, mo gbọ́ àlàyé yín, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tí wọ́n fi track tí pitch rẹ̀ kò bá driver mu sáré ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, tí ọkọ̀ wọn kò sì bàjẹ́. Àwọn driver kan wà tí eyín wọn máa ń gba inú ihò track kọjá yàtọ̀ sí pé wọ́n ń ti eyín inú, mo sì rò pé irú wọn lè gba àṣìṣe díẹ̀ mọ́ra. Ṣé kì í ṣe ìṣọ́ra àṣejù ni kí ènìyàn máa tú ṣáàfù nítorí ìdámẹ́ta ínṣì?

Tọ́nà Àgbà:

Rárá o, àbúrò mi. Driver tí eyín rẹ̀ ń wọ inú ihò track ni kò gba àṣìṣe mọ́ra rárá, nítorí pé ohun méjì ni ó ń gbá mú lẹ́ẹ̀kan náà, ihò àti eyín inú, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bá pitch mu. Ìwúlò irú driver bẹ́ẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí track yọ lórí rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá fi agbára tẹ iná tàbí tí ó bá tẹ bíréékì lójijì. Bí pitch kò bá dọ́gba, ńṣe ni yóò máa gún rọ́bà ní etí ihò. Ní ti àwọn tí o rí, bóyá pitch wọn bára mu tí wọn kò mọ̀. Track 15 × 121 jẹ́ ìlọ́po 48 ti 2.52, 15 × 120 sì jẹ́ ìlọ́po 42 ti 2.86, ẹni tí ó bá ń fi gígùn nìkan ra ọjà yóò rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Àǹtí Pátì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí káńtà pátì ni mo ti ń jẹun, ẹjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Tọ́nà ń rò yìí sì ni mo ń gbọ́ látìgbà tí òtútù bá ti mú títí yìnyín yóò fi yọ́. Àwọn oníbàárà máa ń wá pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, wọ́n á ní, “Ti Cat ni, ó yẹ kó wọ Polaris.” Edgar Hetteen wà lára àwọn tí ó dá Polaris sílẹ̀ ní Roseau ní 1954, òun kan náà ni ó sì kúrò níbẹ̀ tí ó lọ dá ilé-iṣẹ́ tí ó di Arctic Cat sílẹ̀ ní Thief River Falls; síbẹ̀ bọ́ọ̀tù ski wọn kò fi ìgbà kan di ọ̀kan náà nítorí ìyẹn. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 2014, Arctic Cat ló ṣe ara Yamaha SR Viper, tí Yamaha sì fún Arctic Cat ní ẹ́ńjìnnì onísíróòkì mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ní Viper lónìí tí ó sì ń wá pátì abẹ́ ọkọ̀ lè rí i lára Cat, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí ó wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìmọ̀ yìí yóò túbọ̀ wúlò, nítorí pé Yamaha ti kéde ní 2023 pé ọkọ̀ ọdún 2025 ni àwọn yóò fi kásẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ yìnyín nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ski, nítorí pé òun ló rọrùn jù nínú ẹrù yẹn. Àwọn tí ń ṣe ski oníke kì í sábà ṣe ski ọ̀tọ̀ fún Polaris àti ọ̀tọ̀ fún Ski-Doo. Ski kan náà ni, ohun tí ó yàtọ̀ ni àkójọ pátì kékeré tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀: bọ́ọ̀tù, búṣìn, wáṣà tí ń dí àlàfo ẹ̀gbẹ́, àti rọ́bà tí ń jókòó sí abẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ọmọ Ọ̀yọ́, wo abẹ́ ski rẹ tàbí àárín rẹ̀, wàá rí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Fi nọ́ńbà yẹn béèrè àkójọ pátì ti Polaris ọdún rẹ. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ski.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara wọn ni bọ́ọ̀tù. Bọ́ọ̀tù onínṣì 3/8 jẹ́ mílímítà 9.5, èyí sì súnmọ́ mílímítà 10 tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹnìkan á fi bọ́ọ̀tù 3/8 sínú búṣìn oní-mílímítà 10, yóò wọlé wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ á dùn. Ìdajì mílímítà yẹn ni ski yóò máa fi mì, tí yóò máa gbá ihò rẹ̀ fẹ̀, títí ọwọ́ ìdarí yóò fi máa gbọ̀n. Ẹlòmíràn á fi nọ́ọ̀tù oní-mílímítà fún bọ́ọ̀tù onínṣì, ìlà wọn kò bára mu, á fi sípánà gígùn fún un títí ìlà náà yóò fi jẹ. Nọ́ọ̀tù náà yóò dà bí ẹni pé ó fún, ṣùgbọ́n kò di nǹkan kan mú mọ́. Bí ihò bá ju bọ́ọ̀tù lọ, ẹ jẹ́ kí tọ́nà gé búṣìn irin sí i.

Ojúlówó Nìkan:

Mo tọrọ gáfárà, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ń fi ọ̀rọ̀ gígùn bo òótọ́ kékeré kan mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ti ṣe ọkọ̀ náà, wọ́n sì ti kọ nọ́ńbà pátì rẹ̀ sínú ìwé. Kí ọkùnrin yìí ta gbogbo ẹrù náà, kí ó fi owó rẹ̀ ra track onípitch 2.52 tí ó bá driver rẹ̀ mu, kí ó sì lọ gun ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ yìnyín kì í ṣe alùpùpù tí ó bá bàjẹ́ lójú títì tí ènìyàn á wọ bọ́ọ̀sì relé. Bí ó bá kú sínú igbó nígbà tí òtútù bá wà ní ogún ìwọ̀n Celsius sísàlẹ̀ òdo, ìrìn ẹsẹ̀ ló kù, ìrìn ẹsẹ̀ nínú yìnyín tí ó mù ènìyàn dé orúnkún kì í sì í ṣe eré.

Àǹtí Pátì:

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa òtútù, a kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí ó ti lé ní ogún ọdún, ojúlówó tí ẹ ń sọ kì í sábà wà ní káńtà mọ́. Ohun tí mo ń rí lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí mo bá tẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni pé wọn kò ṣe é mọ́, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù jẹ́ tòkunbọ̀ láti ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀. Track onípitch 2.52 tuntun ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe track fún gbogbo ọkọ̀, ìyẹn náà kì í sì í ṣe pátì Polaris. Nítorí náà, àfi kí á sọ èyí tí ó bára mu ní ìwọ̀n.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Duluth:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí mi. Mo ti wọn gbogbo rẹ̀. Eyín inú track àtijọ́ jẹ́ 54, ti tuntun jẹ́ 48, gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Tọ́nà ti wí láìtíì rí i. Driver mi ní eyín 9. Bọ́ọ̀tù tí ń fa àgbá ẹ̀yìn track ṣì ní ju ínṣì kan lọ tí ó lè fi yí sẹ́yìn. Mo rí orúkọ àti nọ́ńbà lábẹ́ ski, mo sì ti béèrè àkójọ pátì rẹ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, mo tú ọ̀kan lára ti tèmi láti fi wọ́n wéra. Láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀, nígbà tí ó bá nà tán, ti Cat fi ínṣì kan ààbọ̀ gùn ju tèmi lọ. Nígbà tí ó bá ká jọ tán, ó ṣì fi ínṣì kan gùn jù ú. Ihò wọn kò fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé búṣìn lè yanjú ìyẹn. Ṣé gígùn tí ó lé yìí kò ní jẹ́ kí iwájú ọkọ̀ ga sí i nínú yìnyín jíjìn? Inú mi yóò dùn sí ìyẹn.

Tọ́nà Àgbà:

Èmi yóò sọ ti track, kí ẹni tí ó mọ ṣọ́ọ̀kì jù mí lọ sọ ti ṣọ́ọ̀kì.

Driver eléyín 9 onípitch 2.52 máa ń fa track 22.68 ínṣì bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Driver eléyín 8 onípitch 2.86 máa ń fa 22.88 ínṣì. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni pé bí o bá fi driver eléyín 8 onípitch 2.86 rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀, o kò ní fọwọ́ kan jíà inú àpótí ṣéènì, clutch rẹ kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Bí àgbá náà ti tóbi tó kò yàtọ̀ púpọ̀ pẹ̀lú, nítorí náà àlàfo tí ó wà níwájú tunnel kò ní dín kù. Kódà yóò pọ̀ sí i, nítorí pé eyín rọ́bà rẹ ti kúrò ní ínṣì 2, ó ti di 1.25. Ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má ta driver eléyín 7 fún ọ pé òun náà jẹ́ 2.86. Òótọ́ ni pé yóò bá track mu, ṣùgbọ́n 20.02 ínṣì péré ni yóò máa fà, eré tí ọkọ̀ lè sá yóò fi nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Àwọn tí ń gun òkè ńlá fẹ́ràn ìyẹn, ìwọ tí o wà ní Duluth kò nílò rẹ̀.

Ní ti gígùn, 137.28 fi 1.2 ínṣì ju 136.08 lọ. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni yóò pín in, nítorí náà àgbá ẹ̀yìn yóò sún sẹ́yìn ní 0.6 ínṣì. Ìwọ ní ju ínṣì kan lọ lórí bọ́ọ̀tù, ó tó, ó sì ṣẹ́ kù fún ìgbà tí rọ́bà bá nà.

Iṣẹ́ tí ó kù wà lára ṣáàfù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n fi ń ti driver wọ ṣáàfù onígun mẹ́fà yẹn, òun náà ni wọ́n sì fi ń tì í jáde. Má ṣe fi òòlù lù ú rárá. Kí o tó yọ ti àtijọ́, fi vernier, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nǹkan kékeré, wọn láti etí ṣáàfù dé ẹ̀gbẹ́ driver kọ̀ọ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fi ohun ìkọ̀wé funfun sàmì sí apá òsì. Nígbà tí o bá ń ti tuntun wọ̀ ọ́, eyín gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Bí ọ̀kan bá fi ìgun kan ṣáájú èkejì, yóò máa fa track lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, gbé track tuntun lé orí réèlì, irin gbọọrọ méjì tí track ń yọ̀ lé lórí, kí o tó dè é, kí o wò ó bóyá àwọn irin pẹlẹbẹ tí ó wà ní etí ihò track jókòó sórí ike abẹ́ réèlì gan-an. Réèlì Ski-Doo àti ti Polaris kò fi dandan jìnnà síra bákan náà. Bí irin yẹn bá jókòó sí ìdajì, ike náà yóò jẹ tán kí òtútù tó parí. Bí o bá ti ń tú ṣáàfù, pààrọ̀ bẹ́ríìnì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Fairbanks:

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ Ọ̀yọ́, má ṣe dè wọ́n mọ́ ọn, iwájú tí ó ga tí o ń fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kò dúró sí ìdí ski gan-an, ó dúró sí àárín apá tí ó so ski mọ́ ọkọ̀, nítorí náà ínṣì kan ààbọ̀ lára rẹ̀ yóò ju ínṣì kan ààbọ̀ lọ nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ski. Nígbà tí o bá fo òkìtì tí ski sì rọ̀ sílẹ̀ tán, àwọn ọ̀pá tí ó di apá náà mú láti ẹ̀gbẹ́ yóò tẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ṣe wọ́n dé. Orí ọ̀pá wọ̀nyẹn ní bọ́ọ̀lù irin kékeré tí ń yí nínú ilé rẹ̀; bí ó bá ti yí dé òpin, ọrùn rẹ̀ ni yóò máa ru ẹrù náà, ọrùn yẹn ni ó sì ń ṣẹ́. Ọ̀pá ìdarí náà kò ní wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú wọn mọ́, ski yóò sì máa yí ojú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá gun òkè kékeré.

Ẹnìkan lè sọ fún ọ pé wọ́n lè fi búṣìn sínú ṣọ́ọ̀kì láti dín nínà rẹ̀ kù, òótọ́ sì ni, iṣẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe ni. Àmọ́ búṣìn yẹn kò lè dín gígùn rẹ̀ kù nígbà tí ó bá ká jọ. Ìwọ ti sọ ọ́ fúnra rẹ pé ó fi ínṣì kan gùn ju tìrẹ lọ bí ó bá ká jọ tán. Nígbà tí o bá já bọ́ láti orí òkìtì, ṣọ́ọ̀kì yóò dé òpin kí apá ọkọ̀ tó dé ibi tí rọ́bà ìdádúró rẹ̀ wà, irin yóò kan irin, ibi tí wọ́n jó mọ́ ara ọkọ̀ ni yóò sì ya. Kí ló tún kù? Epo àti ihò inú rẹ̀ ni wọ́n ti tò fún ìwúwo ọkọ̀ mìíràn. Má ṣe tú u wò nílé o, gáàsì náítírójìn tí ó wà nínú rẹ̀ lágbára, irú Fox bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba 200 psi. Tà á fún ẹni tí ó ní Cat, yóò fún ọ ní owó gidi.

Ará Winnipeg:

Mo gbà fún yín lórí ṣọ́ọ̀kì. Sàlẹ́ńsà ńkọ́? Kò sẹ́ni tí ó ti sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Tọ́nà Àgbà:

Sàlẹ́ńsà tí a kò mọ ọkọ̀ tí ó ti wá, kí ó tà á bí irin. Nínú ẹ́ńjìnnì onísíróòkì méjì, ikùn páìpù náà ni ó ń dá ìgbì èéfín padà láti ti epo tí ó fẹ́ sá jáde wọlé, gígùn àti ìbú rẹ̀ sì bá ẹ́ńjìnnì kan pàtó mu ní ìwọ̀n eré kan pàtó. Bí ó bá yí padà, ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì nílò yí padà, jẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀ sì ní láti yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí epo kò bá tó, pọ́lọ́ọ̀gì yóò funfun, lẹ́yìn náà orí pístìnnì yóò lu. Nínú òtútù líle ni èyí ń yára ṣẹlẹ̀ jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ tutù ki, ó sì ń fẹ́ epo sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkọ̀ tí SSCC, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ààbò ọkọ̀ yìnyín wò, fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ pariwo kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 78 ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 50 bí a bá tẹ iná rẹ̀ dé òpin. Àwọn onílẹ̀ tí ọ̀nà wa gba inú oko wọn kọjá kò jẹ wá ní gbèsè kankan. Ariwo ni ó ń jẹ́ kí wọ́n pa ọ̀nà dé.

Ojúlówó Nìkan:

Ó dára, mo ti gbọ́, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn sì wọ̀ mí létí. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà. Omi ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì RMK yẹn, omi náà sì ń gba inú páìpù pẹlẹbẹ tí ó wà nínú tunnel kọjá. Yìnyín tí track ń da sí i lára ni ó ń tù ú. Eyín rọ́bà onínṣì 2 máa ń da yìnyín púpọ̀ sókè, èyí tí ó jẹ́ 1.25 kò ní dà tó bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ́ tí ó sì ti le bí òkúta, ẹ́ńjìnnì lè gbóná, ike abẹ́ réèlì pàápàá lè yọ́, nítorí pé yìnyín náà ni epo rẹ̀. Ẹ rántí òtútù ọdún 2023 sí 2024 ní Minnesota, nígbà tí yìnyín kò tó nǹkan tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà kò sì ṣí rárá. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ jáde sórí èyí tí ó kéré tí ó rọ̀ ń fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Fairbanks:

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn. Ohun tí ó ń yanjú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba pátì tí ó ń wọ ọkọ̀ gbogbo nítòótọ́: irin tínrín tí wọ́n ń dè mọ́ réèlì, tí orí rẹ̀ ń fá ojú ọ̀nà tí ó ti le, tí ó sì ń ta èérún yìnyín sókè sí abẹ́ tunnel. Èyí tí wọ́n fi wáyà ṣe dára fún ọkọ̀ tí wọ́n ń fi rìn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kì í tètè kán. Ohun tí ó fẹ́ ni ihò méjì lára réèlì. Má ṣe lu ihò náà sún mọ́ ihò mìíràn tàbí sún mọ́ ibi tí réèlì ti tẹ̀ níwájú, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa ń sán.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Duluth:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, àti lọ́wọ́ Ojúlówó Nìkan tí ó bá mi rántí omi ẹ́ńjìnnì. Èyí ni ohun tí mo pinnu. Màá ta ṣọ́ọ̀kì méjèèjì fún ẹni tí ó ní Cat, màá sì gbé sàlẹ́ńsà lọ sí ibi tí wọ́n ń ra irin. Màá lo ski pẹ̀lú àkójọ pátì tí Àǹtí Pátì júwe. Owó ṣọ́ọ̀kì ni màá fi ra driver eléyín 8 onípitch 2.86, bẹ́ríìnì ṣáàfù, àti irin tí ń fá yìnyín. Ẹnìkan ní Hermantown ní ẹ̀rọ ìtẹ̀, ó sì ti gbà kí n wá lò ó. Ìbéèrè kan ló kù: nígbà tí mo bá de ski tuntun tán, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé rọ́bà abẹ́ rẹ̀ jókòó dáadáa?

Àǹtí Pátì:

Fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, kí o sì wo ski láti ẹ̀gbẹ́. Imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé sókè díẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Bí imú bá dojú kọ ilẹ̀, o ti fi rọ́bà náà sí i ní òdì, tàbí kí ó jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ yóò sì gun yìnyín bí ọkọ́ nígbà àkọ́kọ́ tí o bá já bọ́ láti orí òkìtì. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ mì í sí ọ̀tún àti sí òsì: ó yẹ kí ó lè gbé imú sókè-sódò wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wáṣà ni o máa fi dí àlàfo ẹ̀gbẹ́, ní òsì àti ọ̀tún bákan náà, kí ski lè wà ní àárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí o bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, gbé igi gbọọrọ kan tí kò wọ́ tì track, kí ọwọ́ ìdarí wà ní títọ́, kí o sì wọn láti ara igi náà dé etí ski, níwájú àti lẹ́yìn. Iwájú àwọn ski méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣí síta díẹ̀ ju ẹ̀yìn wọn lọ, láti 1/8 sí 1/4 ínṣì ni ó wọ́pọ̀. Ìwé àlàyé ọkọ̀ rẹ yóò sọ èyí tí ó jẹ́ tìrẹ. Kò gbọdọ̀ padé sínú rárá. Nọ́ọ̀tù tuntun tí ó ní ike nínú ni kí o lò, má ṣe lo ti àtijọ́, kí o sì tún un fún lẹ́yìn ìrìn kékeré àkọ́kọ́, nítorí pé rọ́bà tuntun máa ń jókòó sísàlẹ̀ díẹ̀.

Bí àwọn driver bá sì ti dé, kọ nọ́ńbà tí ó wà lára àpótí wọn síbí kí n bá ọ wò ó kí o tó gbé wọn lọ sí Hermantown, nítorí pé kò sí káńtà tí yóò gba èyí tí wọ́n ti tì wọ ṣáàfù padà lọ́wọ́ rẹ.